Ewé inú omi ń hó nínú ìgò mi: ṣé háídírójìn ni àbí ọ́síjìn?

Olùkọ́Àbẹ̀kẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́), Sátidé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni èmi àti àwọn ọmọ SS2 mẹ́fà ti dáwọ́ lé iṣẹ́ kan. A fẹ́ kí àwọn ewé wínníwínní inú omi, àwọn tó máa ń sọ omi adágún ẹja di àwọ̀ ewé, fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ya háídírójìn kúrò lára omi fún wa. Algae ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìwé àwọn ọmọ. Háídírójìn jẹ́ gáàsì tó ń jó, bó bá sì jó tán, omi ló ń dà. Èyí gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà wọ̀ mí lọ́kàn.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Mo bu omi wá láti adágún ẹja aládùúgbò mi. A fi ajílẹ̀ NPK díẹ̀ sí i pẹ̀lú báákìn sódà, a gbé e sójú fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́wàá títí ó fi ki bí ewédú. A dà á sínú ìgò tó gba mílílítà 500, a lu ìdérí rẹ̀, a ti ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́, a sì ki ẹnu rọ́bà kejì sábẹ́ sílíńdà tí a kún fún omi tí a wá dojú rẹ̀ dé sínú abọ́. Kó tó di aago 12 ọ̀sán, hóró gáàsì ti tò sára ìgò bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, gáàsì mílílítà 25 ti lé omi kúrò nínú sílíńdà. Àwọn ọmọ ń fò sókè, wọ́n ń kígbe pé háídírójìn ti dé.

Nígbà tí mo délé ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Kò sí ohun kan lára ìhó yẹn tó sọ fún mi pé háídírójìn ni. Omi tó bá hó, hó náà ni mo rí, n kò rí orúkọ gáàsì lára rẹ̀. N kò fẹ́ fi ohun tí kò dá mi lójú kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀, bí n kò bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá?

BàbáAkẹ̀sán (Ọ̀yọ́), Sátidé

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ọ́síjìn ni gáàsì yín.

Ẹ dán an wò lọ́la. Ẹ gba gáàsì náà sínú túùbù kékeré, èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ ṣá ìṣáná, ẹ pa á, kí orí rẹ̀ ṣì máa pọ́n, kí ẹ wá kì í bọ inú túùbù náà. Bó bá tún gbiná padà, ọ́síjìn ni. Bí ó bá jẹ́ háídírójìn, iná tó ń jó tí ẹ bá mú sún mọ́ ẹnu túùbù ni yóò dún "pọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe mú iná dé ẹ̀gbẹ́ ìgò ńlá náà rárá. Láti 4 nínú 100 títí dé 75 nínú 100 ni háídírójìn fi ń gbiná bó bá dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, iná rẹ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sójú lọ́sàn-án.

Ìdí tí mo fi dá a lẹ́jọ́ láìtíì rí i ni pé ewé tó jókòó sójú oòrùn, tó ń rí oúnjẹ jẹ, kò ní ohun tó fẹ́ fi háídírójìn ṣe. Omi ló ń là. Ọ́síjìn inú omi náà, síta ló ń jù ú. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (hóró tíntín tó ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná) tó rí níbẹ̀ ló ń fi sọ káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì di oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù (ohun tí ẹ̀dá fi ń mú iṣẹ́ inú ara yára) kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ hydrogenase, irin ló wà láàárín rẹ̀, òun ló lè gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn kó fi ṣe háídírójìn. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọ́síjìn. Kí ọ́síjìn kàn án báyìí, ó ti bàjẹ́, kò sì ní àtúnṣe. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe há tó: ewé tí a fẹ́ kó bá wa la omi, bó bá ti ń là á ló ń tú ohun tó ń pa ẹ́ńsáìmù wa.

Ọ̀gbẹ́ni Hans Gaffron, ọmọ Jámánì tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà díẹ̀. Òun àti Jack Rubin kọ ọ́ jáde ní 1942 pé bí a bá fi ewé omi kan tó ń jẹ́ Scenedesmus sínú òkùnkùn níbi tí kò sí ọ́síjìn, tí a wá tanná sí i, ó ń tú háídírójìn. Kì í pẹ́ tó fi ń dáwọ́ dúró, nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ló ń mú ọ́síjìn padà wá. Ó gbà wọ́n tó nǹkan bí ọdún 60 kí ẹnì kan tó já ọgbọ́n tó mú un pẹ́. Ní 2000 ni Anastasios Melis ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Colorado kọ̀wé jáde pé kí a fi imí-ọjọ́ du ewé náà.

Imí-ọjọ́ kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yà ara ewé tó ń la omi, ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ run ni lójoojúmọ́, ewé sì ń tún un mọ léraléra, bí ẹni tó ń rẹ́ ògiri amọ̀ lẹ́yìn òjò. Imí-ọjọ́ wà lára ohun tó fi ń mọ ọ́n. Bí imí-ọjọ́ bá tán, àtúnṣe dúró, lílà omi dínkù, ọ́síjìn tó ń jáde kò wá tó èyí tí ewé fúnra rẹ̀ ń mí sínú. Nínú ìgò tó dí pinpin, ewé yóò mí ọ́síjìn ibẹ̀ tán pátápátá. Ó máa ń tó bí ọjọ́ kan. Ìgbà náà ni hydrogenase yóò jí, háídírójìn yóò sì máa jáde fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ wo ara àpò NPK yín. Púpọ̀ nínú wọn ló ní sulphate, imí-ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ ti fún ewé yín jẹ àjẹyó.

ÌyáẸlẹ́gàrí (ọ̀nà Orílé-Ìgbọ́n), Àìkú

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi kò mọ kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n mo ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́, epo bẹntiróòlù ló ń mu, owó epo yẹn ló sì ń gba èrè lọ́wọ́ mi. Bí mo bá kó ewé omi yìí sínú tánkì dúdú ńlá tí mo fi ń gba omi òjò, ṣé ó lè bá mi fa ẹ̀rọ náà? Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ayọ̀_GC (Ọ̀yọ́)

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí gáàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé wa ní Ọ̀yọ́ ni mo sì máa ń wà lópin ọ̀sẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò lè fà á, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀ kí ẹ lè rí i.

Bí a bá gbé háídírójìn lé òṣùwọ̀n, kò sí epo tó lágbára tó o: kílò kan rẹ̀ ní agbára mẹ́gájúùlù 120, bẹntiróòlù kò sì ju bí 44 lọ. Ṣùgbọ́n gáàsì tó fúyẹ́ jù láyé ni. Agbára tó wà nínú líítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo, ẹ nílò háídírójìn tó tó nǹkan bí líítà 3,000 láti bá a dọ́gba. Ewé tí wọ́n fi imí-ọjọ́ dù ní yàrá ìwádìí tó dára, nǹkan bí mílílítà 2 ni líítà kan rẹ̀ ń mú jáde ní wákàtí kan. Tánkì tó gba líítà 1,000 yóò wá mú líítà 2 jáde ní wákàtí kan. Ẹ fi 2 pín 3,000. Wákàtí 1,500 ni, ó ju oṣù méjì lọ, fún líítà bẹntiróòlù kan. Ewé náà kò sì ní lo oṣù méjì, ọjọ́ kẹrin ló ti máa rẹ̀ ẹ́. Tánkì dúdú náà kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé pẹ̀lú.

Ẹ má bínú mà. Mo mọ bí owó epo ṣe ń dun èèyàn. Ìdí tí a fi ń wọ̀n ọ́n dáadáa báyìí ni kí ẹnikẹ́ni má baà wá ta irọ́ fún ẹni bíi tiyín.

ÌyáẸlẹ́gàrí

O ṣeun, ọmọ mi. Òótọ́ yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju ìlérí lọ. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mo wà níbí tí mo ń kà á.

Olùkọ́Àbẹ̀kẹ́, Ajé

Bàbá, ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ náà mọ sí. A ki ìṣáná tó ń pọ́n bọ túùbù, ó gbiná padà fòò lójú gbogbo wa. Ọ́síjìn ni. Ọmọ kan sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó wo iná náà dáadáa, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i.

Ohun kan dùn mọ́ mi. A gbé ẹ̀kán omi náà sábẹ́ maikirosíkóòpù. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ wà ní mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n fara ti ara wọn bí ìka ọwọ́ tí a pa pọ̀, àwọn méjì tó wà ní ìpẹ̀kun sì ní ìwo ṣóńṣó lórí. Mo yẹ ìwé wò: Scenedesmus ni! Ìbátan èyí tí Gaffron lò ni ó ń gbé inú adágún ẹja ládùúgbò mi.

Ìṣòro wa ni pé a kò ní ẹ̀rọ tó ń fi omi yí bírí láti fi ya ewé kúrò lára omi. Báwo ni a ṣe fẹ́ fọ imí-ọjọ́ kúrò lára rẹ̀?

BàbáAkẹ̀sán

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ. Scenedesmus kì í wẹ̀, rírì ló ń rì. Ẹ gbé ìgò náà síbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, lálẹ́. Ní àárọ̀, ewé yóò ti jókòó sí ìsàlẹ̀ bí ọ̀rá ògì. Ẹ rọra da omi orí rẹ̀ nù, ẹ da omi oúnjẹ tuntun tí kò ní imí-ọjọ́ sí i, ẹ pò ó, kí ẹ tún jẹ́ kó rì. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí imí-ọjọ́ tó kù lára ògiri ìgò nìkan tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ti omi oúnjẹ náà, ibi tí ìwé bá ti ní kí ẹ fi magnesium sulphate sí i (iyọ̀ Epsom ni), magnesium chloride ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi ásídì ọtí kíkan díẹ̀ kún un, kí ẹ sì fi kọ́sítíìkì sódà pa kíkan rẹ̀. Ewé ń jẹ ẹ́, bó bá sì ń jẹ ẹ́, á máa mí, mímí yẹn ló ń tètè kó ọ́síjìn inú ìgò tán. Ẹ yọ báákìn sódà yẹn kúrò lọ́nà.

Ẹ kún ìgò náà dé ọrùn. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí rẹ̀, ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, náítírójìn sì wà níbẹ̀ tí yóò máa dà yín lójú rú nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n.

AtúnrédíòṢe (Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Iṣẹ́ rédíò àti ìnfátà ni mò ń ṣe ní Tákíè. Sensọ̀ háídírójìn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní MQ-8, kò wọ́n. Mo lè so ó mọ́ bọ́ọ̀dù Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré kan) kó máa kọ nọ́ńbà jáde. Ṣé ó wúlò?

Ayọ̀_GC

Ẹ̀gbọ́n, ó wúlò gan-an, tí a bá mọ ìwà rẹ̀. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì kó tó fara balẹ̀. Ìkejì, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ẹ bá ti orí rẹ̀ bọ inú gáàsì ìgò tí kò ní ọ́síjìn, irọ́ ni yóò pa. Ẹ fi sìríńjì fa mílílítà 1 gáàsì, ẹ fún un sínú ike oníhò kékeré tó gba líítà 1 afẹ́fẹ́, níbi tí sensọ̀ wà, kí ẹ sì dí ihò náà. Bó bá jẹ́ háídírójìn pátá ni, ìdá kan nínú 1,000 ni yóò jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ náà, ó sì wà láàárín ohun tí MQ-8 lè kà. Ìkẹta, ó ń gbóòórùn ọtí pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀mí ọtí nu tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò rí "háídírójìn" tí kò sí.

AtúnrédíòṢe

Ó yé mi. Báwo ni máa ṣe mọ nọ́ńbà tó yẹ kó kọ? Mo nílò háídírójìn tí mo mọ iye rẹ̀.

Ayọ̀_GC

Iná mọ̀nàmọ́ná tó jẹ́ iṣẹ́ yín gan-an ni yóò fún yín. Ẹ fi iná bátìrì la omi. Ampere 1 fún ìṣẹ́jú 1 gẹ́ẹ́ ń mú háídírójìn tó sún mọ́ mílílítà 7 jáde lẹ́nu ọ̀pá òdì, bí a bá ṣírò rẹ̀ sí ìwọ̀n 0 lórí Celsius àti agbára afẹ́fẹ́ etí òkun. Kò sí iye mìíràn tó lè jẹ́, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù la kà. Ẹ fi kọ́sítíìkì sódà díẹ̀ sínú omi náà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ o! Bó bá jẹ́ iyọ̀, chlorine ni yóò jáde lápá kejì, ó sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun kan náà yóò bá Olùkọ́ Àbẹ̀kẹ́ dán ìgò wọn wò. Ẹ fi mílílítà 7 yẹn sínú ìgò òfìfo tí ẹ dí bí ẹ ṣe máa ń dí i, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fi ewé kankan sí i.

Olùkọ́Àbẹ̀kẹ́, Ọjọ́rú

Àwa àti ẹ̀gbọ́n Tákíè ti ṣe é. Háídírójìn tí a fi sínú ìgò wa ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, nígbà tó fi di aago 8 àárọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó ti lọ. Ó lọ, a kò rí ibi tó gbà. Mo fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìdérí, kò hó. Mo jókòó tì í fún bí wákàtí kan.

BàbáAkẹ̀sán

Ara rọ́bà yín ló gbà jáde, Olùkọ́. Ike rírọ̀ àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í mú háídírójìn dúró. Ó kéré débi pé ó ń la àárín wọn kọjá bí omi ṣe ń la aṣọ. Ẹ wo ìgò abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, àwọn kékeré tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún lórí: rọ́bà eérú tó nípọn tó wà lẹ́nu wọn, butyl ni púpọ̀ nínú wọn, òun ló ń dí gáàsì jù. Ẹ wá ìgò dígí tí ẹnu rẹ̀ bá a mu, ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná sè é, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ sìríńjì gún un dípò ọ̀pá rọ́bà gígùn yẹn. Ọ̀nà tí gáàsì yóò rìn gbọ́dọ̀ kúrú, dígí àti irin ni kó sì jẹ́.

Mo ní irú rọ́bà yìí bíi 20 nínú àpótí mi. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ọ̀yọ́ kó yà gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

ÌyáẸlẹ́gàrí

Bàbá, ìbéèrè mi kan kù. Omi tó ń ṣàn jáde lára ẹ̀gẹ́ tí a bá fún, kíkan ni, ó ń rùn, ó sì ń pa koríko. Ojoojúmọ́ la ń dà á nù. Ǹjẹ́ kò sí ewé tó lè jẹ ẹ́?

BàbáAkẹ̀sán

Ìyá wa, ìbéèrè yín wọ̀ mí lára, nítorí ohun tí mo fẹ́ràn jù lẹ́ ń bi mí. Ewé kọ́, àwọn bakitéríà kan ni, aláwọ̀ àlùkò. Mo ti tọ́ wọn rí nínú ilé mi: mo bu ẹrẹ̀ etídò sínú ìgò gíga, mo po bébà ìwé ìròyìn tí mo fà ya àti pupa ẹyin mọ́ ọn, mo kún un fún omi, mo sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni àlùkò yọ láàárín ẹrẹ̀ náà, ó yí ìgò ká bí ìgbànú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá wò ó.

Bakitéríà wọ̀nyí ń lo ìmọ́lẹ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n wọn kì í la omi, nítorí náà wọn kì í tú ọ́síjìn rárá. Ìjà tí a ń bá ọ́síjìn jà látẹ̀yìn wá, kò sí lọ́dọ̀ tiwọn. Ásídì kíkan ni wọ́n ń jẹ, irú èyí tó wà nínú omi tó kan àti nínú ọtí kíkan, wọ́n sì ń tú háídírójìn. Howard Gest àti Martin Kamen ló rí i ní 1949 lára ọ̀kan tó ń jẹ́ Rhodospirillum rubrum. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe hydrogenase, nitrogenase ni, èyí tí ẹ̀dá fi ń sọ náítírójìn afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Bí kò bá rí náítírójìn mú, háídírójìn nìkan ni yóò máa ṣe.

Ẹ gbọ́ ewu ibẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ní oró cyanide, òun ló ń pa koríko yín. Ẹni tó bá bò ó mọ́ inú yàrá lè fi gáàsì rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣe ohunkóhun. Bí ajílẹ̀ tàbí ìtọ̀ ẹran bá sì kán sí i, ammonia inú rẹ̀ yóò pa iṣẹ́ nitrogenase náà.

Ayọ̀_GC

Mo fẹ́ fi kún un pé ẹbí kẹta wà, cyanobacteria, àwọn bakitéríà tó ń la omi bí ewé. Anabaena wà lára wọn, ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Lẹ́yìn bíi hóró mẹ́wàá, ọ̀kan máa ń nípọn lára, kì í la omi, ọ́síjìn kì í sì í ráyè wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni nitrogenase ń gbé. Ní 1974 ni Benemann àti Weare fi í tú háídírójìn àti ọ́síjìn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn, pé ẹ̀dá kan kọ́ yàrá fún iṣẹ́ tí kò bára mu.

Olùkọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ná, ìgò yín ló kàn. Mẹ́rin ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan tí kò ní imí-ọjọ́, lójú ìmọ́lẹ̀; ọ̀kan bíi rẹ̀ tí ẹ fi bébà fàdákà wé dúdú; ọ̀kan tó ní imí-ọjọ́; ọ̀kan tí ẹ ti sè pa. Èyí tí ẹ wé dúdú yẹn ni ẹ má gbójú fò. Omi adágún ni ẹ lò, bakitéríà òkùnkùn wà níbẹ̀ tó lè ṣe háídírójìn láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan, a ó sì wá máa fún ewé ní ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Olùkọ́Àbẹ̀kẹ́, Ajé, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Rọ́bà Bàbá dé. A dán ìgò tuntun wò pẹ̀lú háídírójìn iná mọ̀nàmọ́ná, ọjọ́ kejì pé, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. A wá fi ewé sí i.

Ní ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ewé náà jókòó. Lọ́jọ́ kejì, lọ́wọ́ ọ̀sán, mo rí hóró kan ṣoṣo tó dúró sí abẹ́ rọ́bà, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ọmọ tó sunkún lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ rí i, ó fi ìka tọ́ka sí i láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn wákàtí 70 láti ìgbà tí hóró yẹn yọ, gáàsì mílílítà 14 ló wà nínú sìríńjì.

A pò ó mọ́ omi kọ́sítíìkì sódà, ó wálẹ̀ sí 11. Káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni 3 yẹn. A pò ó mọ́ pyrogallol tí a fi sódà sí, èyí tó ń gbé ọ́síjìn mì, omi náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú díẹ̀, ó kù 10. Mo fún Ayọ̀ ní 4 nínú rẹ̀ sínú ìgò abẹ́rẹ́ kó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ GC, èyí tó ń ya gáàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a lè wọ̀n wọ́n. Nínú èyí tó kù, a fi díẹ̀ sínú túùbù, mo pa fèrèsé dé, mo mú iná sún mọ́ ọn. Ó dún "pọ́". Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ayọ̀_GC

Èsì rẹ̀ rèé. Ìdá 6 nínú 10 ni háídírójìn, náítírójìn ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Inú omi yín ló ti yọ, nítorí omi tí a kò sè máa ń mú afẹ́fẹ́ dání. Argon la fi ń ti gáàsì kọjá nínú ẹ̀rọ wa. Ẹni tó bá lo helium, ẹ̀rọ náà kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí háídírójìn, nítorí bí àwọn méjèèjì ṣe ń gbé ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ooru yẹn ni ẹ̀rọ náà sì fi ń dá wọn mọ̀.

Ní ti ewé yín, mílílítà 6 ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ 6. Ooru 30 ni yàrá yín wà, èéhó omi wà nínú gáàsì náà, ó sì ń gba bí kilopascal 4.2 (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ ni kilopascal). Ògbómọ̀ṣọ́ ga ju etí òkun lọ ní mítà 300 àti díẹ̀, nítorí náà agbára afẹ́fẹ́ yín tó 97.5, kì í ṣe 101.3. Bí ẹ bá ṣírò gbogbo rẹ̀ padà sí ìwọ̀n 0 àti gáàsì gbígbẹ, mílílítà 100 tiyín jẹ́ 83. Háídírójìn yín jẹ́ 5. Mílílítà 5 láti inú mílílítà 500 ní wákàtí 70, ìyẹn 0.14 fún líítà kan ní wákàtí kan. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí Chlamydomonas, ewé omi tí wọ́n ń lò ní yàrá ìwádìí, ń mú wá. Òótọ́ ni pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni sì lè wá wọ̀n ọ́n.

BàbáAkẹ̀sán

Ìgò òkùnkùn ńkọ́?

Olùkọ́Àbẹ̀kẹ́

Gáàsì mílílítà 2 ló wà níbẹ̀, Bàbá. Sensọ̀ ẹ̀gbọ́n Tákíè ka háídírójìn díẹ̀ nínú rẹ̀, kò tó ìdajì mílílítà kan. Èyí tí a sè pa kò ní nǹkan kan. Èyí tó ní imí-ọjọ́ kún fún gáàsì, ìṣáná sì gbiná padà nínú rẹ̀.

BàbáAkẹ̀sán

Nígbà náà, ẹ yọ ìdajì mílílítà yẹn kúrò nínú 5. Ti bakitéríà ni, kì í ṣe ti ewé. Ẹ kọ 4.5. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá láti inú omi ni ewé ti rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, tàbí láti inú oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sára, oògùn apakoríko kan wà tó ń jẹ́ diuron. Ó ń dí ojú ibi tí ewé ti ń la omi. Ẹ fi ẹ̀kán kan sínú ìgò kan, kí ẹ wo bí háídírójìn yóò ṣe wálẹ̀ tó.

AtúnrédíòṢe

Mo lè kọ́ iná LED funfun sí orí ìgò wọn kó máa tàn lóru àti lọ́sàn-án, bátìrì yóò máa gbé e, kí NEPA má baà mú iná lọ láàárín wákàtí 70. Ìmọ́lẹ̀ yóò sì dọ́gba fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Kò sí owó níbẹ̀, Olùkọ́. Ọmọ mi wà nínú kíláàsì yín.

Olùkọ́Àbẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni o. A ti nu 5 kúrò lójú pátákó, a ti kọ 4.5 síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ la ó tún bẹ̀rẹ̀, omi sísè la ó lò, ìgò márùn-ún báyìí, diuron wà nínú ìkarùn-ún. Ìyá Ẹlẹ́gàrí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ike kan omi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún wa sí ìta gbangba bí Bàbá ṣe wí. Bí mo bá parí ti ewé, ẹrẹ̀ etídò ni mo fẹ́ lọ bù.

ÌyáẸlẹ́gàrí

Ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti àná. Mo kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ike náà.